Àbọ̀ lórí ọ̀rọ̀ síìlì fáàfù: mo ti yàn

Èéfín búlúù tó ń yọ bí ẹ́ńjìnnì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ni mo béèrè nípa rẹ̀, àti irú síìlì fáàfù (òrùka kékeré tó ń dí ọ́ìlì lára ọ̀pá fáàfù) tí mo lè fi pààrọ̀ èyí tó ń jò. Ẹ ṣé o. Viton (irú rọ́bà kan) ni mo mú fún ọkọ̀ ìgboro: ó ń fara da ooru ju nitrile (irú rọ́bà mìíràn) lọ, ó sì ń jẹ́ kí ọ́ìlì díẹ̀ dé inú gáìdì (ihò tí ọ̀pá fáàfù ń gbà). PTFE (irú ike líle kan) máa ń nu ọ́ìlì kúrò jù. Ẹ́ńjìnnì eré ìje ló yẹ.

Bí ẹ bá fi káàmù (irin tó ń ṣí fáàfù) tó ń ṣí i gan-an sí i, ẹ wọn àlàfo àárín retainer (àwo irin tó di sípíríńgì fáàfù mú) àti síìlì nígbà tí fáàfù bá ṣí tán. Kó má dín ní mílímítà 1.5, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ retainer á fọ́ síìlì. Ẹ fi ọ́ìlì pa ọ̀pá fáàfù, kí ẹ sì fi ọ̀rá náílọ́ọ̀nù bo orí rẹ̀ kó má baà gé ètè síìlì. Gáìdì tó ti jẹ ńkọ́? Ẹ pààrọ̀ ẹ̀ ná. Síìlì tuntun ò ní pẹ́ níbẹ̀.