Kí ni ká máa pe nakago idà Jàpáàn?

Àbá mẹ́ta ló wà nílẹ̀ fún títúmọ̀ ìwé ìtọ́sọ́nà àwọn tó ń kó idà àtijọ́ ilẹ̀ Jàpáàn jọ sí Yorùbá: kí nakago (apá irin idà tó fara pamọ́ sínú igi) jẹ́ "èèkù", kí mei (orúkọ alágbẹ̀dẹ tó wà lára nakago) jẹ́ "ìbuwọ́lùwé", kí ohun dúdú tó bo nakago sì jẹ́ "ìpẹtà". Mi ò fara mọ́ ìkankan nínú wọn, ẹ̀kẹta ló sì léwu jù.

Èèkù kò ṣàjèjì sí wa: ohun tí ọwọ́ ń dì mú ni. Ẹni tó ní ọwọ́ òun ò tíì tẹ èèkù idà kò sọ̀rọ̀ irin tó wà nínú igi. Tsuka ni èèkù. Nakago ni apá irin tó wọ inú èèkù lọ, a kì í sì í rí i àfi tí a bá tú idà. Wọ́n á ti èèkàn ọparun kékeré tí wọ́n ń pè ní mekugi jáde, wọ́n á fi ọwọ́ òsì di ìsàlẹ̀ èèkù mú kí ṣóńṣó idà kọjú sókè ní ìdàgẹ̀rẹ̀, wọ́n á wá fi ìkúùkù ọ̀tún máa lu ọrùn ọwọ́ òsì díẹ̀díẹ̀ títí irin á fi tú. Tí a bá pe méjèèjì ní èèkù, òǹkàwé ò ní mọ èyí tí yóò yọ lára èkejì. "Ìdí idà" ni tèmi.

"Ìbuwọ́lùwé" ń fẹ́ ìwé, irin sì ni alágbẹ̀dẹ gbẹ́ orúkọ rẹ̀ sí. "Orúkọ fífín" bá a mu, kí gimei sì jẹ́ "orúkọ ayédèrú". A nílò èyí gan-an, torí ọ̀pọ̀ idà tí wọ́n fín orúkọ Kotetsu, alágbẹ̀dẹ olókìkí, sí ni kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹ wo inú ìlà orúkọ náà: tó bá ń dán nígbà tí ara irin tó yí i ká ti dúdú, ó pẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n rọ idà kí wọ́n tó fín in. Àìsí orúkọ kò sì sọ idà di yẹpẹrẹ. Púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n kà sí iṣẹ́ Masamune, alágbẹ̀dẹ olókìkí mìíràn, ni kò ní orúkọ. Wọ́n máa ń gé idà gígùn kúrú láti ìdí, orúkọ á sì bá a lọ. Ihò èèkàn tó ju ẹyọ kan lọ sábà máa ń tọ́ka sí i.

Ó wá ku ìpẹtà. Ìbàjẹ́ ni etí Yorùbá ń gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ yẹn, ẹni tó bá sì gbọ́ ìbàjẹ́ á wá sáńpépà. Bẹ́ẹ̀ ohun dúdú yẹn ni ẹ̀rí ọjọ́ orí idà. Lórí idà tó ti pẹ́ gan-an, ó dúdú, ó jọ̀lọ̀, kì í ṣí. Èyí tó pupa rẹ́súrẹ́sú, tó ń bó, titun ni, tàbí kẹ̀ ẹnì kan ló fi kẹ́míkà dá a. Tí wọ́n bá ha á kúrò, ẹ̀rí ti lọ, àwọn ìlà fáìlì tí alágbẹ̀dẹ fi síbẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́, owó idà á já wálẹ̀ gidigidi, kò sì sí oníṣẹ́ tó lè dá a padà. Mo dábàá "àwọ̀ ogbó" fún èyí tó wà ní ìdí, kí "ìpẹtà" máa jẹ́ ti ojú irin nìkan, níbi tó ti jẹ́ ìbàjẹ́ lóòótọ́, tó sì jẹ́ iṣẹ́ ẹni tó kọ́ iṣẹ́ dídán idà.

Ní ti hamon, ẹ jẹ́ ká fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, ká ṣàlàyé rẹ̀: amọ̀ tí wọ́n fi bo irin nípọn lẹ́yìn, tí wọ́n fi bò ó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lójú tó mú, ló mú kí ojú náà tètè tutù nínú omi kó sì le ju ẹ̀yìn lọ. Ìlà tó pààlà náà ni hamon. Lábẹ́ gílóòbù kan ṣoṣo, ti gidi máa ń ní èérún kéékèèké tó ń tàn, tàbí ohun funfun tó dà bí kùrukùru. Èyí tí wọ́n fi ásíìdì yà kì í ní in.

Gbólóhùn ìkìlọ̀ tí mo fẹ́ ká fi sí ojú ewé àkọ́kọ́ nìyí: "Ẹ fi òróró díẹ̀ pa ojú irin, ẹ má fọ àwọ̀ ogbó ìdí idà, ẹ má ha á, ẹ má dán an."