Owó Àjọ, Owó Ilẹ̀ àti Ọjọ́ Closing Tí Kò Dé

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo kí yín. Ẹ̀ẹ̀mejì ni báǹkì tó fẹ́ yá wa lówó ra ilé ní Maryland ti sún ọjọ́ closing, ìyẹn ọjọ́ tí a ó fọwọ́ sí ìwé tí ilé á fi di tiwa, síwájú. Wọ́n ní àwọn kò mọ orísun $18,000 tó wọ àkáǹtì mi lóṣù tó kọjá. Àjọ tí mo kó ni $6,000 nínú rẹ̀. Ìyókù jẹ́ owó ilẹ̀ tí màmá mi tà ní Ṣágámù láti fi ràn wá lọ́wọ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù kí rate lock wa, àdéhùn tí báǹkì fi di iye èlé mú fún wa, parí. Kí ni ṣíṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Lọ́dún tí mo ń ra ilé tèmi, èmi ni akápò regbéregbé wa níbí. Ẹnìkan gba owó aṣọ Ojúde Ọba lọ́wọ́ èèyàn méjìlá, ó sì fi $4,200 ránṣẹ́ sí mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ìwé mi wò fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Inú bí mi, mo ní ṣé olè ni mí ni. Àṣé ohun tó ń wá ni bóyá gbèsè ni mo lọ jẹ níbòmíràn tí mo wá ń pè ní owó mi.

Ti màmá ni kí o kọ́kọ́ mú. Kí wọ́n fọwọ́ sí lẹ́tà ẹ̀bùn tó sọ iye owó náà, pé ọmọ wọn ni ọ́, àti pé wọn kò retí kí o dá a padà. So ìwé àdéhùn ilẹ̀ náà mọ́ ọn, pẹ̀lú ìwé àkáǹtì wọn tó fi hàn pé owó náà wọlé kó tó jáde wá sọ́dọ̀ rẹ. Bó bá jẹ́ pé ẹni tó ń ṣẹ́ owó ló gba náírà lọ́wọ́ wọn, tí ẹlòmíràn sì san dọ́là fún ọ níbí, ibẹ̀ ni ẹ̀rí ti já. Tètè sọ òótọ́ fún báǹkì.

Ní ti àjọ, má ṣe pè é ní owó ọ̀rẹ́, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ wa ṣe máa ń ṣe nítorí ìtìjú. Ìlànà FHA, ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣe onídùúró fún owó tí a yá ra ilé, mọ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń béèrè ni ìwé ìṣirò ẹgbẹ́ náà, rìsíìtì, àti ẹ̀rí akápò pé ẹgbẹ́ náà ṣì wà. Bí ìwé kò bá sí, béèrè bóyá owó yòókù yóò tó láìka $6,000 náà mọ́ ọn.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn kò tó mẹ́sàn-án. Closing Disclosure, ìwé tó to èlé àti gbogbo owó tí ẹ máa san lẹ́sẹẹsẹ, gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ rẹ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú closing, wọn kì í sì í ka ọjọ́ Àìkú àti ọjọ́ ìsinmi ìjọba mọ́ ọn. Bí irú owó tí ẹ yá bá yí padà, kíkà náà á tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Kọ̀wé sí báǹkì lónìí kí wọ́n sún rate lock síwájú, kí o sì béèrè ẹni tí yóò san owó rẹ̀. Báǹkì tèmi ní èmi ni yóò san án. Ìgbà tí mo fi ọjọ́ tí mo ti fi ìwé mi ránṣẹ́ hàn wọ́n ni wọ́n tó san án. Kí ẹni tó ń ta ilé náà fọwọ́ sí ọjọ́ tuntun kí ti àdéhùn tó kọjá, kí owó tí ẹ fi lélẹ̀ má baà wọ ewu.

Ìbéèrè: Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Màmá ní àkáǹtì wọn ni owó náà gbà kọjá. Ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ ni ìwé ilẹ̀ náà wà. Àbúrò mi yóò ya fọ́tò rẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la.

Ìdáhùn: Kó ya ẹ̀yìn rẹ̀ náà, bóyá ibẹ̀ ni àwọn ẹlẹ́rìí fọwọ́ sí.