"Dán" kọ́, "tàn" ni: lórí ìyẹ̀ inú gílóòbù LED

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo ka àbá tí bàbá wa láti Ọ̀yọ́ mú wá, pé "ìyẹ̀ adán" ni ká máa pe phosphor, ìyẹ̀ inú gílóòbù LED tó ń jẹ́ kí iná rẹ̀ funfun, àti pé tí wọ́n bá fi máíkírówéfù ṣe é, "sísè ìyẹ̀ adán" nìyẹn. N ò lè dákẹ́.

Bàtà tí wọ́n kùn ń dán. Igbá tí wọ́n fi òrí pa lára ń dán. Ẹ pa iná yàrá, kí ẹ wá wo igbá ọ̀hún. Bàbá ní ìyẹ̀ yẹn náà kò ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀, ọ̀dọ̀ ṣíìpù, ẹ̀rún kékeré tó ń tan ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ aró lábẹ́ rẹ̀, ló ti ń yá a. Lóòótọ́, ó ń gbà á, àmọ́ kí ló ń fi ṣe? Yttrium, alumíníọ̀mù àti ọ́síjìn ni ìyẹ̀ náà, pẹ̀lú cerium bíńtín; mẹ́táàlì ni yttrium àti cerium. Ó ń gbé lára ìmọ́lẹ̀ aró mì, àwọ̀ ìyeyè ló sì ń tàn jáde lára rẹ̀. Aró tó ṣẹ́ kù dà pọ̀ mọ́ ọn, ojú wa wá rí funfun. Dígí wo ló ń gba aró tó ń dá ìyeyè padà? Irú ìyẹ̀ mìíràn tilẹ̀ wà, strontium aluminate tó ní mẹ́táàlì europium àti dysprosium nínú: iná á kú, òun á ṣì máa mọ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ṣé dídán nìyẹn?

Ẹnìkan á mú òṣùpá wá, pé ìmọ́lẹ̀ oòrùn lòun náà ń dá padà, síbẹ̀ a ní ó ń tàn. Ẹni tó kọ́kọ́ ní òṣùpá tàn kò rí oòrùn lẹ́yìn rẹ̀.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ìyá bàbá mi á ní "ó ń dán yinrin", á ní "ó ń tàn yòò". N ò gbọ́ "dán yòò" lẹ́nu àgbà kan rí. Àwọn tí kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ ńkọ́? "Iye adan" ni wọ́n máa kọ, ọmọ ilé ìwé á sì kà á sí ìyẹ́ àdán.

Ní ti "sísè", mo gbà díẹ̀. Wọ́n lè po iyọ̀ nitrate àwọn mẹ́táàlì inú ìyẹ̀ náà pọ̀ mọ́ yúríà, yúríà àwọn àgbẹ̀ wa gan-an, nínú omi. Nínú máíkírówéfù, á hó, omi á gbẹ, á gbiná lójijì, á wú, nǹkan fúyẹ́fúyẹ́ bí eérú á kù. Ó hó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìgbà tó gbiná ni ìyẹ̀ tó dé. Ọ̀nà kejì tí wọ́n ń gbà fi máíkírówéfù ṣe é kò lómi nínú rárá. Èédú tàbí silicon carbide, èròjà líle kan tó ń tètè gbóná nínú máíkírówéfù, ni wọ́n ń kó yí ìkòkò rẹ̀ ká, torí bí èròjà náà bá ṣì tutù, kì í gba ìgbì máíkírówéfù dáadáa. Èédú ló ń gbà á tó ń gbóná ràn án. Ohun tí iná ìléru ń fi ọ̀pọ̀ wákàtí ṣe, ìṣẹ́jú mélòó kan ló ń gbà níbẹ̀. Ta ló ń fi èédú se irin? "Yíyan" ni mo fara mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ní Ọ̀yọ́ ló ni èdè àjùmọ̀lò, kí Ògbómọ̀ṣọ́ dákẹ́, ẹ lọ bi àwọn tó ń fín igbá lọ́dọ̀ yín ohun tí "dán" jẹ́.

"Ìyẹ̀ atànmọ́lẹ̀" ni àbá tèmi. Kí alábòójútó jọ̀ọ́ má tíì kọ "adán" sínú àkójọ ọ̀rọ̀ wa. "Ìgbì kékeré" tí wọ́n pe microwave náà ò tíì yé mi: ìgbì inú máíkírówéfù gùn tó sẹ̀ǹtímítà 12, ti ìmọ́lẹ̀ kò tó ìdá kan tí a bá pín mìlímítà kan ṣoṣo sí ọ̀nà 1,000. Èwo ló wá kéré nínú méjèèjì?