Àbọ̀: Print Spooler tí kò fẹ́ gbéra ti ń ṣiṣẹ́ báyìí
Mo sọ níjelòó pé Print Spooler, ìyẹn ètò Windows tó ń to ìwé tí a fẹ́ tẹ̀ jọ kó tó fi wọ́n ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, kì í gbéra bí mo bá tan kọ̀ǹpútà mi, àti pé bí mo bá fọwọ́ ara mi gbé e dìde, kíá ni yóò tún kú. Delayed Start tí ẹ kọ́kọ́ dábàá, ìyẹn pé kí ètò náà dúró díẹ̀ kó tó gbéra, kò yanjú rẹ̀. Ńṣe ló kàn sún ìkùnà náà síwájú. Ohun tó ṣiṣẹ́ ni pé kí n dá Spooler dúró ná, kí n wá pa gbogbo fáìlì inú C:\Windows\System32\spool\PRINTERS rẹ́; ibẹ̀ ni àwọn ìwé tó ń dúró de títẹ̀ máa ń wà. Méjì péré ni mo bá níbẹ̀, .SPL kan àti .SHD kan, ti ìwé tí mo tilẹ̀ ti gbàgbé pé mo fẹ́ tẹ̀. Láti ìgbà náà, Spooler kò kú mọ́. Dírẹ́bà (driver, ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè bá ẹ̀rọ ṣiṣẹ́) ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi àtijọ́ ni mo ṣì ń fura sí. Mo ti yọ ọ́, mi ò tíì fi tuntun sí i. Ẹ ṣeun.