Jáàmù plum mi kọ̀, kò dì. Ṣé ṣúgà ló kéré ni?

Ọmọ Ìdáná

Ẹ kú ìdáná o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí níyànjú.

Lọ́jọ́ Sátidé ni mo rí plum rà lọ́pọ̀. Wọ́n ti pọ́n kọjá, ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń tà á fi fẹ́ kí wọ́n tètè kúrò níwájú òun. Mo kó kílò 3. Ọ̀kan rọ̀ débi pé àtàǹpàkò mi wọnú rẹ̀ bí mo ṣe mú un. Lọ́jọ́ kejì, èmi àti ọmọ mi obìnrin lọ ká blackberry létí igbó, ike ńlá kan kún. Títí di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ìka ọmọ náà ṣì dà bíi ti aláró.

Mo wọn plum kílò 1, mo wọn ṣúgà kílò 1, mo da méjèèjì sínú ìkòkò pọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí kí ó má lọ jóná, torí náà iná jẹ́jẹ́ ni mo fi sè é fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 40. Àwọ̀ rẹ̀ wù mí, ó dùn, ṣùgbọ́n kò dì. Ìgò mẹ́rin ló jẹ́. Ó ti pé ọjọ́ mẹ́ta lónìí, tí mo bá dẹ ìgò báyìí, ńṣe ló ń ṣàn láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Èèpo plum náà wá le lẹ́nu bí awọ.

Ṣé kí n fi ṣúgà kún un ni? Plum kílò 2 ṣì wà nínú fíríìjì, blackberry náà wà níbẹ̀. Ó máa ń dùn mí tí èso bá ń ṣòfò lójú mi. Ẹnìkan ní kí n fi wọ́n ṣe crumble (èso tí a wọ́n fúláwà, bọ́tà àti ṣúgà tí a rún pọ̀ lé lórí, tí a wá yan nínú ófùn), ṣùgbọ́n èyí tí mo ṣe kẹ́yìn, omi ló kún abẹ́ rẹ̀, òkè rẹ̀ sì rin gbindingbindin.

Ìyá Ìbejì

Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Má fi ṣúgà kankan kún un mọ́. Ṣúgà rẹ pé, bí èso bá ṣe wọ̀n náà ni èmi náà ń wọn ṣúgà. Pectin ló wọ́n nínú ìkòkò rẹ. Òun ni ohun tó wà lára èso tó máa ń mú kí omi rẹ̀ dì. Èso tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n, tó ṣì kan lẹ́nu, pectin pọ̀ nínú rẹ̀. Bí ó ṣe ń rọ̀ sí i ni pectin yẹn ń tú. Plum tí àtàǹpàkò rẹ wọnú rẹ̀ yẹn, tirẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tú tán kó tó dé ilé rẹ. Irú èso bẹ́ẹ̀ náà sì ni wọ́n sábà máa ń tà lọ́pọ̀ fún wa. Ó dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n adùn nìkan kì í mú jáàmù dì. Pectin, ṣúgà àti ohun kíkan gbọ́dọ̀ pàdé, ìdí nìyẹn tí a fi ń fún lẹ́mọ́ọ̀nù sí i.

Iná jẹ́jẹ́ tí o lò tún dá kún un. Tí èso bá pẹ́ jù lórí iná, ìwọ̀nba pectin tó kù náà á bàjẹ́. Ìgbà tí a ń dúró kí ṣúgà yọ́ ni iná jẹ́jẹ́ wà fún. Tó bá ti yọ́ tán, tí o ò gbọ́ ọ mọ́ kó máa dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ṣíbí, mú iná lọ sókè, kí ó hó kíkankíkan nínú ìkòkò tó fẹnu. Ní ti èèpo, ṣúgà ló mú un le. Nígbà mìíràn, bu omi díẹ̀ sí plum, sè é títí èèpo á fi rọ̀, kí o tó da ṣúgà sí i. Èèpo tí kò bá rọ̀ kí ṣúgà tó wọlé, kò ní rọ̀ mọ́.

Èyí tó wà nínú ìgò ṣì ṣe é tún ṣe. Wá ápù kíkan mẹ́ta tí kò tíì pọ́n dáadáa. Gé wọn wẹ́wẹ́, má bó wọn, má sì yọ àárín wọn dànù, torí ara èèpo àti àárín yẹn ni pectin pọ̀ sí jù. Bu omi tó bò wọ́n, sè wọ́n títí wọ́n á fi fọ́, kí o fi aṣọ mímọ́ sẹ́ omi wọn. Da ìdajì omi yẹn sínú jáàmù ìgò méjì, fún lẹ́mọ́ọ̀nù kan sí i, gbé e kaná. Ìgò méjì péré lẹ́ẹ̀kan o. Tí ìkòkò bá kún jù, ó máa pẹ́ lórí iná, ohun tí a sì ń sá fún gan-an nìyẹn.

Kí o tó tan iná rárá, ki àwo pẹrẹsẹ kékeré méjì sínú fírísà. Tí jáàmù bá ti hó fún ìṣẹ́jú 5, gbé ìkòkò kúrò lórí iná. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé èyí, jáàmù á sì sè kọjá níbi tí wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò. Kán díẹ̀ sórí àwo tútù, dúró fún ìṣẹ́jú kan, kí o fi ìka tì í. Tí ojú rẹ̀ bá hunjọ níwájú ìka rẹ bí awọ tó máa ń wà lójú mílíìkì gbígbóná, ó ti dé ibi tí à ń lọ. Tí ìka rẹ bá kàn la ọ̀nà, tí omi sì padà wá bo ọ̀nà náà, gbé e padà fún ìṣẹ́jú 2 tàbí 3, kí o mú àwo kejì. Ẹni tó bá ní tẹmómítà, 105°C ni kó máa wò. Èmi ní ọ̀kan, ṣùgbọ́n àwo ni mo ṣì gbọ́kàn lé.

Fọ ìgò náà, sè é nínú omi híhó fún ìṣẹ́jú 10, kí o rọ jáàmù sí i nígbà tí àwọn méjèèjì ṣì gbóná.

Bọ̀dá Ọ̀gbìn

Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Ìbejì. Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un.

Àbúrò, tú plum inú fíríìjì yẹn jáde lónìí, kí o ṣà á. Èyí tó kàn fara gbọgbẹ́, gé ojú egbò náà kúrò, ó dára. Èyí tó ti bu, dà á nù lódindi, kódà kó jẹ́ ojú kan péré ni o rí. Ara èso rírọ̀ ò lè dá ohun tó bu dúró, á ti ta gbòǹgbò lọ síbi tí ojú ò tó. Ápù tó ti jẹrà náà, má rò pé iná á tún un ṣe. Oró kan wà tó ń jẹ́ patulin tó máa ń wà nínú rẹ̀, sísè kì í pa á tán.

Blackberry kì í pọ́n mọ́ tí a bá ti ká a. Ṣùgbọ́n tí o bá ń ká ti jáàmù, mọ̀ọ́mọ̀ ká díẹ̀ lára àwọn tó ṣì pupa mọ́ àwọn dúdú, torí àwọn pupa ni pectin àti ìkan wọn pọ̀. Má ká a létí ọ̀nà ọkọ̀, má sì ká ti ìsàlẹ̀ níbi tí ìtọ̀ ajá lè dé. Èso tí o ò bá mọ̀ dájú, fi í sílẹ̀ lórí igi rẹ̀. Tí àyè ò bá sí lọ́wọ́ báyìí, tẹ́ blackberry sórí tírè kí wọ́n má fara kanra, fi sínú fírísà, tí wọ́n bá ti le kí o kó wọn sínú ọ̀rá.

Ọmọ Ìdáná

Ẹ ṣé gan-an, mà. Ẹ ṣé, bọ̀dá mi. Mo ti ṣà á, mẹ́fà ló ti bu, mo dà wọ́n nù. Ìyá Ìbejì, kí ni kí n fi èyí tó kù ṣe? Gbogbo wọn ló rọ̀.

Ìyá Ìbejì

Crumble, láìṣiyèméjì. Níbẹ̀ ni èso rírọ̀ ti wúlò jù, torí kò sẹ́ni tó ń retí kó dì.

Omi tó dà ọ́ láàmú lọ́jọ́sí, inú èso ló ti wá. Gé plum kílò 1, yọ kóró rẹ̀, po ẹ̀kúnwọ́ blackberry mọ́ ọn, wọ́n ṣúgà díẹ̀ sí i, kí o fi í sílẹ̀ fún ìdajì wákàtí. Á sun omi. Sẹ́ èyí tó pọ̀ jù sínú ife (ó dùn mu), kí o wá po ṣíbí kọ́ńfúláwà kan mọ́ èso náà.

Ti òkè, fúláwà gíráàmù 200, bọ́tà 100, ṣúgà 100. Kí bọ́tà tutù gan-an. Orí ìka ni kí o fi rún un mọ́ fúláwà, má lo àtẹ́lẹwọ́, torí ó gbóná, bọ́tà á yọ́. Dá a dúró nígbà tí wóró kéékèèké àti ńláńlá bá ṣì wà nínú rẹ̀. Wọ́n ọn sórí èso, má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ rárá. Tí o bá tẹ̀ ẹ́, ooru ò ní ríbi jáde, á sì di ẹyọ kan ṣoṣo. Fi sínú ófùn ní 180°C fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 40. Má wo àwọ̀ òkè nìkan. Dúró dìgbà tí o bá rí omi èso tó ń hó létí àwo, tó ti ki.

Ọmọ Ìdáná

Mo padà wá jíṣẹ́. Mo se ìgò méjì àkọ́kọ́ lálẹ́ àná pẹ̀lú omi ápù. Àwo kìíní, ìka mi la ọ̀nà, omi padà bò ó. Mo gbé e padà fún ìṣẹ́jú 3. Àwo kejì, ọmọ mi ló ní òun fẹ́ fi ìka tì í. Ojú rẹ̀ hunjọ, ọmọ náà sì pariwo pé, "Màámi, ó ti dì!" Láàárọ̀ yìí mo dorí ìgò kodò, kò mira. Ìgò méjì yòókù, òun ló ń se é lọ́wọ́ báyìí, èmi kàn dúró tì í níbi iná ni. Crumble ti wà nínú ófùn.