Ìgò ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ wa ń bẹ́, ẹ gbà wá

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọtí pọn. Màmá mi, ìyàwó mi àtèmi la jọ ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ní Ìlíṣàn Rẹ́mọ. Nínú kẹ́ẹ̀gì, ó máa ń dùn gan-an. Àmọ́ látìgbà tá a ti ń rọ ọ́ sígò 60cl ká lè gbé e dé Ṣàgámù, tó bá di ọjọ́ kẹta, ìdérí á fò, ọtí á hó dànù. Ìgò 11 ló bẹ́ ní Sátidé. Àfọ́kù kan fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ Màmá lójú. Ẹ̀rù wá bà mí.

A gbé e sí fíríìjì, iná ò dúró. A fi ọjọ́ méjì kún un kó tó wọgò, ó kan jù. Mo sè é tígòtígò, ó ń rùn bí ògì.

Báwo lomi ṣe gbọ́dọ̀ gbóná tó, ìṣẹ́jú mélòó sì ni kígò lò nínú ẹ̀, kí ìwúkàrà tó ń mú ọtí hó kú kí adùn má lọ?