Ìyá tó ní kí n jẹ́ kí àmù máa dán, àti wàhálà gáàsì

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Gbogbo bí ẹ ṣe ń sọ ti ṣọ́ọ̀bù yín ni mò ń kà tí mò ń rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi. Amọ̀kòkò ni mí n'Ílọrin níbí, sítúdíò wà lẹ́yìn, gálárì wà níwájú lójú títì, ògiri kan péré ló pín wọn. Tí mo bá jókòó ti wheel (ẹ̀rọ tó ń yí tí a fi ń mọ ìkòkò), tí amọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ tèmi, ìgbà yẹn gan-an ni ẹnì kan á kan ilẹ̀kùn iwájú. Tí mo bá dìde, nǹkan tí mò ń mọ ti wọ́ nìyẹn, tí mi ò bá sì dìde, owó ti lọ. Bí mo ṣe máa ń jáde pẹ̀lú amọ̀ dé ìgúnpá, àwọn míì á ní kí n lọ bá wọn pe ọ̀gá mi wá.

Àwọn tí mi ò lè gbàgbé ni màmá àgbà kan àti ọmọ wọn obìnrin. Ọmọ ò tíì wọlé tán tó ti fà sẹ́yìn, ó ní "Mọ́mì, ẹ má wọbẹ̀ yẹn o, ìkòkò ẹbọ ni wọ́n ń tà." Ẹ gbà mí o, kọ́ọ̀pù tíì ló wà níwájú ẹ̀ níbẹ̀! Ọ̀rọ̀ yẹn ti sú mi jàre (àwọn babaláwo ń rà lọ́wọ́ mi lóòótọ́, wọn kì í sì í ná ọjà ju bó ṣe yẹ lọ). Màmá ò tiẹ̀ dá a lóhùn, ìdí àmù tó wà ní kọ̀rọ̀ ni wọ́n gbà lọ tààrà, wọ́n fi ìka kàn án, kó kó kó, wọ́n dẹtí sí i, wọ́n ní "Èyí jinná." Àfi bíi kí n dì mọ́ wọn.

Ni wọ́n bá ní ṣé mi ò lè bá àwọn fi glaze (èyí tí a ń kùn sára ìkòkò, tó máa ń yọ́ nínú iná tí á sì dán bíi dígí) sí i kó máa dán bíi kọ́ọ̀pù yẹn. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ mà, tó bá ti dán, omi ò ní tutù nínú ẹ̀ mọ́. Ara àmù ní ihò wẹ́wẹ́ tí ojú ò rí, ibẹ̀ lomi ti ń sun jáde díẹ̀díẹ̀, bí atẹ́gùn bá ṣe ń gbẹ ẹ́ lára ìkòkò ni omi inú ẹ̀ ń tutù, glaze á kàn dí gbogbo ẹ̀ pa ni. Wọ́n ní hẹn-ẹn, abájọ tí ìyá àwọn fi máa ń pariwo pé kí wọ́n má fi òróró kan ara àmù. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í ná an bí ẹni ń ná tòmátò. Ọmọ ní ike ńlá ò tó owó yẹn, màmá bá wò ó lókè wò ó nílẹ̀.

Àmù yẹn kì í tiẹ̀ ṣe iṣẹ́ ọwọ́ mi, ọ̀dọ̀ àwọn ìyá tó wà ní Ẹbu Dáda ní Òkèlele ni mo ti ń gbé e. Àwọn yẹn ò mọ wheel kankan o, ọwọ́ lásán ni, ìta gbangba ni wọ́n sì ti ń fi igi sun ún. Ẹ lọ wo ìgbà tí wọ́n bá ń fa ìkòkò ọbẹ̀ yọ nínú iná tí wọ́n wọ́n omi èèpo irú sí i lára, ṣààà, ara ẹ̀ á dúdú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ á sì máa dán. Mo lọ síléèwé nítorí iṣẹ́ yìí, mi ò tíì rí dídán tó wù mí tó ìyẹn.

Mo tún fi owó náírà 20 kan sínú férémù, mo gbé e kọ́ sára ògiri. Ẹ ò ní gbà bí àwọn tó ń béèrè obìnrin ẹ̀yìn owó yẹn ṣe pọ̀ tó, bọ̀ọ̀dá kan tiẹ̀ ní òun rò pé ìyàwó gómìnà àtijọ́ kan ni! Ladi Kwali ni o, amọ̀kòkò ni, ọmọ ẹ̀yà Gbari láti ìlú Kwali. Ó ti mọ ìkòkò dáadáa kó tó di pé ó dara pọ̀ mọ́ ilé ìkọ́ṣẹ́ amọ̀kòkò òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kan, Michael Cardew, ní 1954, ní Abuja tí wọ́n ń pè ní Suleja báyìí, níbẹ̀ náà ọwọ́ ló ṣì fi ń mọ àwọn ìkòkò ńlá ẹ̀, tó ń fín aláǹgbá àti ẹja sí wọn lára.

Èyí tó wá ń dùn mí báyìí ni gáàsì. Kiln mi (ààrò tí mo fi ń sun ìkòkò) gbọ́dọ̀ kọjá 1,200°C kí glaze tó yọ́, àfi kí n jókòó tì í láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, kí n máa yọjú wo cone inú ẹ̀ (amọ̀ ṣóńṣó kékeré tó máa ń tẹ̀ tí iná bá ti tó) bóyá ó ti tẹ̀. Lóṣù tó kọjá, alágbàtà kan bá mi rọ gáàsì, ó gbowó sílíńdà tó kún, kò rọ ọ́ kún, ó tán lóru nígbà tí cone ò tíì tẹ̀ rárá. Kọ́ọ̀pù tí wọ́n fẹ́ pín níbi ìgbéyàwó ló kún inú ẹ̀, gbogbo ara wọn rí ṣákaṣàka bíi iyanrìn. Mo tún sun wọ́n lẹ́ẹ̀kejì, púpọ̀ nínú wọn bọ́ sí i, àmọ́ gáàsì méjì ni mo fi ṣiṣẹ́ ẹyọ kan, ìyàwó tó ń ṣègbéyàwó náà ò sì fẹ́ gbọ́ àlàyé kankan. Ẹni tó bá mọ oní-gáàsì tó ń lo òṣùwọ̀n gidi n'Ílọrin, tó ṣeé fọkàn tán, ẹ jọ̀ọ́ ẹ júwe ẹ̀ fún mi, àwọn àwo míì ti tò kalẹ̀, mo fẹ́ sun wọ́n lọ́sẹ̀ yìí.